Àyà Ìyá, Ọ̀já àti Wàrà: Bí Mo Ṣe Rí Wọ́ọ̀dù Kangaroo Kan ní Ìbàdàn

Ọjọ́ 26 ni mo fi bá ọmọ mi obìnrin àti ọmọ tí ó bí gbé ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé ìyìn tí mo ní fún wọn kò ṣàì ní ẹ̀sùn nínú. Ọ̀sẹ̀ 31 péré ni oyún náà lò, ìwọ̀n ọmọ sì jẹ́ gíráàmù 1,400. Ìyá àgbà ni mí, mo gbé òrí, àgbo àti ọ̀já dání láti ilé, èrò mi sì ni pé àwọn dókítà yóò lé gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n lé àwọn kan padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣiṣẹ́ jù lọ níbẹ̀ ni ohun tí àwọn ìyá wa ti ní lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ìtọ́jú kangaroo ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọn á bọ́ ọmọ sílẹ̀ láìku aṣọ kankan bí kò ṣe ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Wọn á gbé e dúró sáàárín ọmú ìyá rẹ̀, àyà sí àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, orí rẹ̀ yóò kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n rẹ̀ yóò sì gbé sókè díẹ̀ kí ọ̀nà èémí má baà dí. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi aṣọ dì í mọ́ ìyá ṣinṣin títí dé abẹ́ etí ọmọ. Ìpọ̀n ni, àfi pé iwájú ni a pọ̀n ọn sí. Kangaroo ni ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tí ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó kọ́ wa ṣàlàyé pé ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, nígbà tí Dókítà Edgar Rey Sanabria rí i pé ínkubétọ̀, ẹ̀rọ tí ń mú ara ọmọ gbóná, tí ó wà ní ilé ìwòsàn rẹ̀ kò kárí, tí àwọn ọmọ ń pín ẹyọ kan lò, tí àrùn sì ń ti ara ọ̀kan ran èkejì.

Ní òru ọjọ́ kẹfà, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì pẹ́ kí ó tó dìde. Àwọn tí ọmọ wọn wà nínú ẹ̀rọ ń sáré kiri nínú òkùnkùn. Ọmọ tiwa kò tilẹ̀ jí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ara rẹ̀ wò, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 36.8, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ fún wa pé kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 36.5 lọ.

Ibi tí mo ti bá wọn wíjọ́ nìyí: ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà. Wọ́n ní àfi kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, àyẹ̀wò ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó gíráàmù 1,800 ni wọ́n fi ṣe é. Nínú àwọn tí wọ́n gbé lé àyà ìyá lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí wọn, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú àwọn tí wọ́n fi dúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún gbogbo ayé pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìjáfara, kí ó sì tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́. Tí Ifẹ̀ bá wà lára àwọn tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, kí ni ó dé tí ìròyìn rẹ̀ kò tíì dé Ìbàdàn?

Ní ti aṣọ ìdè, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn wọn. Ó wọ́n, ó sì le. Ọ̀já òfì tí mo gbé lọ náà le fún awọ ọmọ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ànkárá tí ó ti gbó, tí a ti fọ̀ títí tí ó fi rọ̀, ni ó dára jù. Méjì ni kí ẹ mú, kí ẹ lè máa fọ ọ̀kan nígbà tí èkejì bá wà lára.

Iṣẹ́ wọn lórí wàrà ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá tí ó bí mi máa ń ní kí a fún wàrà àkọ́kọ́ dànù, pé ó dọ̀tí. Àwọn nọ́ọ̀sì yìí ń fi abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu gba tiwa kí ẹ̀kán kan má baà ṣòfò, wọ́n sì ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín fún ọmọ ní wákàtí méjìméjì, títí ó fi lè mu ún nínú ife kékeré, kí ó tó wá gba ọmú fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ sí 1,290, ọkàn mi fò, ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Àgbo mi kò wọlé. “Ẹ má bínú, Màmá,” ni nọ́ọ̀sì wí, “ìfun rẹ̀ kò tíì gbó, wàrà nìkan ni ó lè gbà.” Káńfọ̀ tí mo fi sáàárín aṣọ ọmọ ni ó mú un bínú ní ti gidi: òórùn rẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, tí ojú àti ara wọn yóò pọ́n, tí ibà pọ́njú náà yóò sì dé ọpọlọ bí a kò bá tètè rí i. Wọn kò kọ òrí pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n dúró títí awọ rẹ̀ yóò fi nípọn díẹ̀, kí ó sì jẹ́ òrí tuntun tí kò sẹ́ni tí ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, a sọ ọmọ lórúkọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ṣàlàyé pé oyin lè ní kòkòrò tí ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lè bá jà, nítorí náà ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ oyin náà wò dípò rẹ̀, a sì wúre wa pé. Ọ̀rọ̀ àtayébáyé pé ọmọ oṣù méje ń yè, pé ti oṣù mẹ́jọ kì í yè, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá fi kún un nínú ni ó ń ṣe é láǹfààní.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó kò kéré. Àga oníke ni ìyá ń jókòó lé tòun ti ọmọ ní àyà, ẹ̀yìn ọmọ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́. Ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà fún àwa mọ́kànlá. Wọn kò jẹ́ kí bàbá ọmọ wọlé ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni àyà tirẹ̀ náà lóoru. Ọjọ́ tí wọ́n gbà fún un, ọmọ sùn lé e láyà ju bí ó ṣe ń sùn lé tèmi lọ.

Wọ́n dá wa sílẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ dé 1,750, tí ó sì ti lékún fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan ni a ń padà lọ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá máa lọ síbẹ̀, ẹ mú ìrọ̀rí méjì tí ẹ lè fi ti ẹ̀yìn dání, àti fìlà ọmọ mẹ́ta, torí ọ̀kan yóò sọnù níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ.