Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra páàdì tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ ní Àkúrẹ́: ẹ má gba nọ́ńbà ara ọ̀rá gbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká-wọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin pẹ́ńtà, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín dán ọkọ̀ yín ní Sátidé, ẹ dúró kí ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó páàdì míì. Ọjà kan ti gba ìgboro Àkúrẹ́ báyìí. Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp, ọlọ́kadà á sì gbé e wá bá yín dé Ìjàpọ̀ tàbí ẹnu géètì FUTA. Ọ̀rá ni wọ́n fi wé e. Wọ́n kọ "6 inch" gàdàgbà sí i lára, kò sórúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò sí mìlímítà, wọn ò sọ irú àwo tó lè gbé e, ìyẹn ike pẹrẹsẹ ẹnu ẹ̀rọ tí páàdì ń lẹ̀ mọ́. Owó rẹ̀ dín sí ti gidi, ìyẹn ló sì ń mú èèyàn.

Ẹ tú ọ̀rá náà, ẹ fi téèpù wọn páàdì. Ojú fóòmù á pé mìlímítà 150 lóòótọ́. Ẹ wá dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wọn ẹ̀yìn, ibi onírun tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, tí gbogbo wa ń pè ní velcro: 125 péré. Irú kejì tún wà, tí fóòmù rẹ̀ àti velcro rẹ̀ jẹ́ ọgbọọgba, 150 sí 150, láìsí àlékún rárá. Ẹni tó ní àwo 150 lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n ń ta méjèèjì fún, wọ́n á ní "six inch náà ni six inch ń jẹ́, ọ̀gá". Irọ́ ni.

Páàdì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ tóbi ju àwo tó gbé e lọ, ìdajì ínṣì lápapọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 6 yíká etí. Àwo ínṣì 5 ni páàdì 5.5 wà fún. Àwo ínṣì 6 ni páàdì 6.5 wà fún. Àwo kékeré mìlímítà 75, páàdì 80 tàbí 90 ló ń gbé. Velcro ẹ̀yìn páàdì sì gbọ́dọ̀ bo ojú àwo tán pátápátá. Bí àwo bá yọ etí síta, tàbí tí etí rẹ̀ bá etí fóòmù dọ́gba, ike líle ni yóò kan ọ̀dà nígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ sún mọ́ kọ̀rọ̀.

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ẹ ó ti rí i. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́jú, àṣìṣe lè fara pamọ́ síbẹ̀. Kòtò ẹ̀yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn ni, igun bọ́ńpà, abẹ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́, àti ìlà tó yọ gọngọ lára ilẹ̀kùn. Kílíà, ìyẹn ìpele tí kò láwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fín sórí ọ̀dà, kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 35 sí 50 lọ. Bébà tí ẹ fi ń ṣe fọtokọ́pì nípọn tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Kí etí àwo ha ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kílíà ti lọ, àwọ̀ ti lọ, práímà ló kù tó ń wo yín lójú. Kò sí compound, ìyẹn ìpara tí a fi ń dán ọ̀dà, tó lè dá a padà. Ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ni ẹ ó gbé e lọ, gbogbo pánẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ni yóò sì fín, torí tó bá fín ojú kan ṣoṣo, àwọ̀ á yàtọ̀. Ti tòkunbọ̀ tún le jù, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti dán kí wọ́n tó gbé wọn wọ̀lú, ẹ ò sì mọ iye kílíà tó ṣẹ́kù.

Ẹ̀tàn kejì ni "ńlá ló ń yára". Ẹ bá sọ pé DA kékeré, ẹ̀rọ ìdánkọ̀ tó ń gbọ̀n bó ṣe ń yí, lẹ ní, olùtajà á gbé páàdì ínṣì 7 jáde, á ní ẹ ó tètè parí. Ẹ̀rọ DA tó wọ́pọ̀ kì í fi tipátipá yí páàdì bíi ti rotary, ẹ̀rọ tó kàn ń yí páàdì lójú kan. Ó ń gbọ̀n ọ́n lọ gbọ̀n ọ́n bọ̀, mìlímítà 8, 15 tàbí 21 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, yíyí rẹ̀ sì máa ń dúró bí ẹrù bá wúwo tàbí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù. Irin ìdọ́gba tó wà nínú ẹ̀rọ náà, ìwọ̀n àwo àti páàdì tó bá a wá ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ gbé ínṣì 7 lé DA mìlímítà 8, ẹ ó kàn máa gbọ́ ariwo ni, kò ní gé nǹkan kan. Oníṣẹ́ á rò pé compound ni kò dáa, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Àárín fóòmù á gbóná, gọ́ọ̀mù tó so ó mọ́ velcro á yọ́, páàdì á fò kúrò tàbí kí àárín rẹ̀ rì wọlé.

Ẹ fi máákà dúdú fa ìlà kan sí etí àwo yín. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ rí ìlà náà kedere lójú kan, páàdì ò yí, ẹ ń fi iná mànàmáná ṣòfò ni. Bí ìlà bá ń yí lọ, ẹ wà lójú ọ̀nà. Fún DA mìlímítà 8, ẹ má kọjá páàdì 5.5 tàbí 6. Èyí tó ní àwo ínṣì 5, bó tilẹ̀ jẹ́ 15 tàbí 21, 5.5 náà ni tiẹ̀.

Lórí rotary, ńlá máa ń yí o, ewu mìíràn ló wà níbẹ̀. Ní ìyí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, etí páàdì ínṣì 7 ń sáré tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ínṣì 3 kò ju mítà 6 lọ. Ẹ̀rọ kan náà, nọ́ńbà kan náà lórí bọ́tìnnì rẹ̀, àmọ́ etí ńlá ń sáré ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀ díẹ̀ dín, ó sì ń tètè jẹ kílíà létí pánẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ni ẹ ṣe ń rí ọkọ̀ tí wọ́n fi páàdì onírun àgùntàn ínṣì 7 kan ṣoṣo dán láti òkè délẹ̀, tí gbogbo igun rẹ̀ ti ṣí. Ti kékeré náà ní tiẹ̀: ojú kan ni ooru rẹ̀ ń kó jọ sí, ẹ má dúró síbì kan. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò bá lè fara da ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ẹ sinmi. Ẹ má sì ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán. Tó bá wá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ fọ erùpẹ̀ kúrò dáadáa kí páàdì tó kan ọkọ̀, torí erùpẹ̀ yẹn ló ń fa ìlà tí ẹ fẹ́ pa rẹ́.

Èyí tó lè pa èèyàn lára ló kàn. Wọ́n ń ta àwo páàdì fún grinder tí àwọn jórinjórin fi ń gé irin, pé kò sídìí láti ra ẹ̀rọ míì. Tíréèdì M14, ìyẹn mìlímítà 14, ló wà lẹ́nu púpọ̀ nínú grinder náà lóòótọ́, àwo á wọlé wẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n grinder kékeré ń yí tó 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní ibi tí ẹ ti lè dín in kù. Rotary tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà kì í sábà kọjá 3,000, ẹ kì í sì lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Páàdì ínṣì 6 lórí grinder, etí rẹ̀ ń sáré ju kìlómítà 300 ní wákàtí kan lọ. Gọ́ọ̀mù kì í dì í mú. Yóò já, ẹ ò sì mọ ojú ẹni tí yóò bà. Ẹ wo iye ìyí tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn àwo. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún tíréèdì náà. Èyí tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 5/8 ínṣì, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 16. Bí wọ́n bá gbé àwo 5/8 lé ẹ̀rọ M14, á máa mì jọ̀ọ̀, olùtajà á wá fi téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà wé e kó lè le. Ẹni tó bá dábàá irú ẹ̀ fún yín, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo tó ń mì máa ń fi òrùka òrùka sára ọ̀dà.

Ní ti àwọ̀ páàdì, kò sí òfin kan tó so gbogbo ilé iṣẹ́ pọ̀. Páàdì aláwọ̀ ọsàn ti ilé iṣẹ́ kan ń gé, ìyẹn ni pé ó ń bó ojú ọ̀dà díẹ̀ láti pa ìlà rẹ́; ti ilé iṣẹ́ mìíràn ń dán, kí ó kàn máa kọ mànà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: èyí tó le tó sì tètè padà sípò ló ń gé.

Èyí tí wọ́n ti lò, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n tún dì sọ́rá pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ gbé e súnmọ́ imú, òórùn compound kì í tètè lọ. Ẹ fa ihò fóòmù yà lójú oòrùn, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun tó gan nísàlẹ̀ ihò. Velcro tuntun máa ń dìde ṣánṣán. Ti àlòkù máa ń sùn lọ́nà kan, òwú wẹ́wẹ́ á ti há mọ́ ọn. Ẹ fi èékánná ṣí etí ibi tí fóòmù àti velcro ti pàdé: bí èékánná bá wọlé, gọ́ọ̀mù ti ń ṣí.

Ẹ má rà á ní ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yọ mẹ́wàá tí wọ́n pò oríṣiríṣi ìwọ̀n pọ̀. Fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí àwo yín bá jẹ́ ínṣì 5, ẹ ra páàdì 5.5 tó ń gé, méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ẹyọ kan á rẹ, á gbóná, á kún fún ìdọ̀tí ọ̀dà. Ọ̀kan tó ń dán. Àti páàdì kékeré méjì fún òpó ilẹ̀kùn, igun bọ́ńpà àti gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyẹn, ọjà tí kò tà ni wọ́n fẹ́ kó lé yín lọ́wọ́.

Kí ẹ tó gbéra lọ sí Arákàlẹ̀ tàbí Ọjà Ọba, ẹ yọ àwo ẹ̀rọ yín, ẹ fi sínú báàgì. Nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an ni kí ẹ ti lẹ páàdì mọ́ ọn, kí ẹ wo etí rẹ̀ yíká. Tó bá jẹ́ orí WhatsApp ni, ẹ ní kí olùtajà gbé téèpù lé ojú àti ẹ̀yìn páàdì kó ya fọ́tò méjèèjì, kí ó sì kọ mìlímítà sínú rìsíìtì. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mójú tó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ọjà wò, ó sì fàyè sílẹ̀ láti dá èyí tí kò bá iṣẹ́ tí ẹ dárúkọ mu padà. Rìsíìtì tó kọ "foam" lásán kò ní gbè yín.

Bí ẹ bá gbé e padà lọ, àwọn kan á yọ réésọ̀, wọ́n á ní àwọn á gé etí rẹ̀ kó lè bá àwo yín mu. Ẹ má gbà. Ọwọ́ kì í gé e yípo dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan á wúwo ju èkejì, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n títí bèárìnnì rẹ̀ á fi bàjẹ́. Owó yín tàbí ìwọ̀n tó pé ni kí wọ́n kó fún yín.