Gíláàsì Spitfire XII mi fọ́: àgbéyẹ̀wò ilé ìtajà kan tó ń fi módẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sílé

Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n fi super glue lẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣàlàyé fún un pé gíláàsì orí awakọ̀ Spitfire XII, bàálù ogun oníke kékeré tí èèyàn máa ń fọwọ́ tò, tó wà nínú páálí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ti là sí méjì. Ó ní kí n kàn fi super glue lẹ̀ ẹ́, pé kò ní hàn. Ilé ìtajà tí kò ta nǹkan mìíràn ju ọkọ̀ ogun oníke lọ, òṣìṣẹ́ wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ẹni tó bá ti to bàálù kan ṣoṣo rí mọ̀ pé èéfín super glue máa ń bá ike tó mọ́ gaara jẹ́, á di funfun bàìbàì bí ìgbà tí èèyàn bá mí sí gíláàsì, nínù lásán ò sì lè mú un kúrò.

Inú mi ru, torí kì í ṣe bàálù tí mo kàn rí tí mo rà ni. Bàálù Squadron 91 ti RAF, ìyẹn ẹgbẹ́ kan nínú iléeṣẹ́ ológun ojú òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ tò, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Squadron 91 (Nigeria). Owó tí wọ́n dá nílé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló mú kí wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ wa pè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Hawkinge, lẹ́bàá Folkestone ní Kent, ni wọ́n wà ní 1943, tí wọ́n ń lé àwọn bàálù ogun Fw 190 ti Jámánì tó ń fò ní ìsàlẹ̀ gan-an gba orí òkun wá ju bọ́ǹbù sí àwọn ìlú etíkun. Spitfire XII ni wọ́n fi ń lé wọn. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò ju 100 lọ, squadron 41 àti 91 nìkan ló sì fi jagun. Ní 25 May ọdún náà, Raymond Harries, ọ̀gá wọn, kó àwọn ọmọ Squadron 91 lẹ́yìn, wọ́n pàdé àwọn Fw 190 tó wá kọ lu Folkestone, wọ́n sì yìnbọn já díẹ̀ lára wọn bọ́ sínú omi. Bàálù ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ rí lórí tábìlì mi, pẹ̀lú lẹ́tà DL tí wọ́n fi ń dá squadron náà mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe di ẹrù mi. Wọ́n kó páálí módẹ́ẹ̀lì, decal (àwọn àmì àti lẹ́tà tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara bàálù) àti àwọn ìgò ọ̀dà sínú àpò kan ṣoṣo, wọ́n gbé àwọn ìgò náà lé páálí lórí, wọn ò fi bébà kankan sí àárín wọn. Ìwọ̀n 1/48 ni, ìyẹn ni pé bàálù gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 48, apá bàálù náà láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 lọ, gíláàsì orí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ìgò ọ̀dà ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Mo kọ ímeèlì, wọ́n ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn tó ṣe é. Ìgbà yẹn ni mo pè wọ́n, tí mo bá super glue pàdé.

Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú orin títí tó fi sú mi. Ẹni tó wá gbé e jẹ́ ìyá kan, ohùn wọn ti dàgbà. Wọn ò béèrè nọ́ńbà ọjà tí mo rà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kí lo ń tò?" Mo ní Spitfire XII ti Squadron 91. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "EN ni àbí MB?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ti mọ ìdí tí orí mi fi wú. Àwọn XII àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EN, ara Mark V, irú Spitfire tó ti wà ṣáájú, ni wọ́n ti mú wọn jáde, táyà ẹ̀yìn wọn kì í ká wọlé. Àwọn MB tó tẹ̀ lé wọn wá láti ara Mark VIII, tiwọn máa ń ká wọlé. Ẹni tó bá fi ti ọ̀kan sára èkejì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ní EN ni. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe yá abẹ̀bẹ̀ iwájú láti inú páálí Spitfire V tàbí IX, torí pé ẹ́ńjìnnì Griffon ni XII ní, òdìkejì ẹ́ńjìnnì Merlin tó wà nínú V àti IX ló sì ń yí sí, ewé abẹ̀bẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dà sí ibi tó yẹ. A sọ̀rọ̀ títí tíì mi fi tutù.

Gíláàsì tuntun dé, wọ́n fi òwú wé e sínú agolo kékeré, ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ sì wà pẹ̀lú rẹ̀: kí n rì í bọ inú ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀, kí n fi nǹkan bò ó kí eruku má bàa bà lé e títí yóò fi gbẹ, kí n sì fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ débi pé gbogbo ohun tó wà níbi ìjókòó awakọ̀ hàn kedere.

Decal tí wọ́n tà fún mi náà dára, ó tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ fọ́n ọ̀dà dídán sára bàálù kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ara tí kò dán máa ń há afẹ́fẹ́ sábẹ́ decal, yóò sì máa hàn funfun.

Owó ìfìránṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa dá padà kò tíì wọlé. Mo kọ̀wé, ẹni tó dáhùn ní ẹjọ́ mi ti parí lórí kọ̀ǹpútà wọn. Kò parí. Bí ìyá yẹn ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, gíláàsì tó là ni ǹ bá máa wò títí di òní.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti tún ra Spitfire XIV lọ́wọ́ wọn, alábẹ̀bẹ̀ ewé márùn-ún tí Squadron 91 fi ń já V-1, bọ́ǹbù Jámánì tó ń fò láìsí awakọ̀, lulẹ̀ ní 1944, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè ọjà mi pé ìyá yẹn ni kó bá mi dì í.