Bọ́ọ̀sì Amọ̀nà Láti Edinburgh Sí Highlands: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Sanwó Fún?

Nínú àwọn ìrìn-àjò ọjọ́ kan tí wọ́n ń tà ní Edinburgh, olú ìlú Scotland, fún ẹni tó fẹ́ rí Highlands, ìyẹn agbègbè olókè ní àríwá ilẹ̀ náà, ti adágún Loch Ness ló lókìkí jù, òun náà ló sì ń rẹ èèyàn jù. Kò burú o. Ẹni tó bá ti pinnu pé òun ò ní kúrò ní Scotland láìfojú kan adágún yẹn, kó lọ. Àmọ́ ẹni tó ń wá òkè, igbó àti omi tó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ohun tó dáa ju ìyẹn lọ wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ò sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí tí ẹ máa lò níta ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Loch Ness. Bọ́ọ̀sì á gbéra ní nǹkan bí aago 8 àárọ̀, á sì padà dé ní nǹkan bí aago 8 alẹ́. Àlọ àti àbọ̀ ju kìlómítà 500 lọ. Títì A82 tí wọ́n ń gbà kò fẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló jọ ń pín in ní ibi tó pọ̀ jù, òfin ò sì gba bọ́ọ̀sì láyè láti sáré ju máìlì 50 ní wákàtí kan lọ lórí irú títì bẹ́ẹ̀. Tí kàráfáànì kan bá tún wà níwájú, á di fà-á-lọ. Nínú wákàtí 12 yẹn, nǹkan bí 9 sí 9 àbọ̀ ló máa lọ lórí ìjókòó. Ìyókù ni wọ́n pín: bí ìṣẹ́jú 25 ní Kilmahog fún kọfí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bí 15 ní Glencoe, àfonífojì àárín òkè, wákàtí kan àbọ̀ ní Fort Augustus, ìlú tó wà létí Loch Ness, ìdajì wákàtí ní Pitlochry nígbà àbọ̀. Glencoe tí àwòrán rẹ̀ gba gbogbo ojú ìwé ìpolówó, ìṣẹ́jú 15 ló kàn án.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣì í rà jù ni ọ̀rọ̀ ilé olódi. Àlàpà tó dá dúró létí omi nínú àwọn àwòrán Loch Ness, Urquhart Castle ni. Ó fi ohun tó ju kìlómítà 25 lọ jìnnà sí Fort Augustus. Bọ́ọ̀sì tó bá dúró sí Fort Augustus nìkan kò ní débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi oníwákàtí kan tó ń gbéra níbẹ̀ náà kò sì ní rìn débi tí ẹ ti máa rí i. Tó bá jẹ́ torí Urquhart lẹ ṣe ń lọ, ẹ wá èyí tó kọ Drumnadrochit (abúlé tó sún mọ́ ọn) tàbí Clansman Harbour (èbúté ọkọ̀ ojú omi) sínú ètò rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi àti ti ilé olódi kì í sábà sí nínú owó bọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ ka apá tí wọ́n kọ ohun tí owó yín ò kárí sí kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Adágún náà gùn tó kìlómítà 37, ó sì jìn tó nǹkan bíi mítà 230 níbi tó jìn jù. Ìkángun rẹ̀ kan ni Fort Augustus wà, omi lẹ máa rí tó ń lọ títí tójú ò fi tó o mọ́. Ẹni tí ò bá ra ti ọkọ̀ ojú omi, kó má wulẹ̀ lo wákàtí kan àbọ̀ yẹn nínú ilé kọfí. Caledonian Canal, tí Thomas Telford ṣe, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1822, gba àárín ìlú náà kọjá, ìpele omi 5 ló sì tẹ̀léra níbẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn ńlá níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń gòkè á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi á máa ru wọlé láti òkè, ọkọ̀ á máa léfòó sókè díẹ̀díẹ̀ títí omi inú àti tòkè á fi dọ́gba, wọ́n á wá ṣí ti iwájú. Kí ọkọ̀ kan tó gun márààrún tán lè tó wákàtí kan. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè sún mọ́ ọn débi tí ẹ ó fi máa gbọ́ ohun tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń bára wọn sọ.

Ní ti ìjókòó, apá òsì ni kẹ́ ẹ gbà, ìyẹn apá ilẹ̀kùn, torí pé ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí nílẹ̀ yẹn. Láti Callander lọ sókè, Loch Lubnaig wà lósì. Àwọn òkè mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Three Sisters ní Glencoe wà lósì. Loch Linnhe wà lósì, Loch Lochy náà ńkọ́, òsì ni. Ọ̀tún ni Ben Nevis, tó ga ní mítà 1,345, wà, àmọ́ ìkùukùu ló sábà máa ń bò ó lórí. (Tó bá jẹ́ ọ̀nà Pitlochry ni awakọ̀ kọ́kọ́ gbà, ẹ yí ìmọ̀ràn yìí padà sí ọ̀tún.) Níbi tí wọn ò bá ti yan ìjókòó fún èèyàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú, ẹ jẹ́ kó ku bí ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀.

Ti Glenfinnan ní ìṣòro tirẹ̀. Afárá ọkọ̀ ojú irin olójú 21 ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣí i lọ́dún 1901, Jacobite, ọkọ̀ ojú irin eléèéfín tó ń ti Fort William lọ sí Mallaig, sì máa ń gba orí rẹ̀. Wíwo ọkọ̀ náà yàtọ̀ sí wíwọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ọjọ́ kan, wíwò ni: ẹ máa gun òkè kékeré kan, ẹ máa dúró, èéfín á yọ, ọkọ̀ á kọjá, ó tán. Kì í rìn yípo ọdún, kì í sì í dúró de bọ́ọ̀sì tí gosíló há mọ́ ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà bóyá ìjókòó inú ọkọ̀ ojú irin wà nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Èyí tá a máa mú fún ẹni tó ní ọjọ́ kan péré ni ti Loch Lomond àti Stirling. Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ò tó ìdajì ti Loch Ness, nítorí náà wákàtí tó pọ̀ ló kù fún ẹsẹ̀. Loch Lomond ló fẹ̀ jù lójú omi nínú àwọn adágún Britain, erékùṣù sì wà káàkiri inú rẹ̀. Ètò tó bá dúró ní Balmaha, abúlé kan létí adágún náà, ni kẹ́ ẹ wá. Láti ibẹ̀, Craigie Fort, òkè kékeré kan, kò gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ láti gùn, ẹ ó sì rí àwọn erékùṣù náà láti orí rẹ̀. Conic Hill ga jùyẹn lọ, wákàtí 2 sí 3 ló ń gbà lọ-bọ̀. Ètò tó bá fún yín ní wákàtí kan àbọ̀ tó sì tún ń dárúkọ Conic Hill, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ wo iye àkókò tí wọ́n fún Stirling Castle náà: tí ò bá tó wákàtí kan àbọ̀, ìta rẹ̀ lẹ máa mọ̀ jù. Orí ẹṣin onírin méjì tí wọ́n ń pè ní The Kelpies, tó ga ní mítà 30, wà lọ́nà ní Falkirk. Ìdúró ránpẹ́ tó o.

Ètò St Andrews, ìlú etíkun kan, dáa fún ẹni tó fẹ́ràn etíkun àti àwọn abúlé apẹja agbègbè Fife. Kò sí òkè ńlá níbẹ̀, ẹ má fi dípò Highlands.

Bọ́ọ̀sì oníjókòó 16 sàn ju oní-50 lọ fún iṣẹ́ yìí. Kí èèyàn 50 tó gba ẹnu ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì tún padà wọlé, ìṣẹ́jú 10 ti lọ nínú 15 Glencoe. Bọ́ọ̀sì kékeré ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń jù, kò dáa fún ẹni tí ọkọ̀ máa ń rìn lára. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún owó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ PSV (ti ọkọ̀ akérò), káàdì rẹ̀ sì yẹ kó wà lójú gíláàsì iwájú. Òfin tún sọ pé awakọ̀ tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí 4 àbọ̀ tó fi wakọ̀, nítorí náà ẹ má bá a jà pé kò tètè gbéra ní Fort Augustus.

Viator àti GetYourGuide, àwọn ìkànnì tí èèyàn ti ń ra ètò ìrìn-àjò, kò ní bọ́ọ̀sì kankan, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà. Ọkọ̀ kan náà lè wà níbẹ̀ ní orúkọ mẹ́ta. Ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ gan-an, kẹ́ ẹ wá ka ohun tí àwọn èrò tó fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta kọ nípa rẹ̀ nínú oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Oṣù ṣe pàtàkì: ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ń ṣú kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́, gbogbo àbọ̀ Loch Ness di òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ owó tẹ́ ẹ san ò dín. Láti oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ní oṣù Kẹfà ó lè wà títí di nǹkan bí aago 10 alẹ́, àmọ́ kantíkantí ń jẹni létí omi nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Ẹ mú ìpara tó ń lé wọn dání.

Ẹni tó bá sì jẹ́ pé Stirling Castle nìkan ló wù ú, kó má ra ètò kankan. Ọkọ̀ ojú irin láti ibùdó Waverley ń débẹ̀ láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi gòkè lọ sí ilé olódi náà láti ibùdókọ̀.