Àrokò ni Altair ń dì: bí mo ṣe ń lò ó nínú Jupyter

Oríṣi oúnjẹ 12 ni mo máa ń béèrè owó wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọjà mẹ́rin n'Ìbàdàn, látorí gàrí títí dé epo pupa. Inú Jupyter notebook, ìwé orí kọ̀ǹpútà tí kóòdù Python àti èsì rẹ̀ jọ ń wà, ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Matplotlib, ohun èlò Python kan, ni mo kọ́kọ́ fi ń ya cháàtì, kò sì ṣẹ̀ mí, àmọ́ àwòrán lásán ni. Ìyá kan tó ń ta gàrí ní Bódìjà máa ń bá mi wò ó. Ó lè fi ìka kan ibi tí ìlà ti fò sókè, kó ní, "Ọmọ mi, èló ni kóńgò lọ́jọ́ yìí?" Àfi kí n padà lọ tú tábìlì. Ìbéèrè yẹn ló lé mi dé ọ̀dọ̀ Altair, ohun èlò Python mìíràn fún cháàtì, ó sì ti lé lọ́dún méjì báyìí.

Ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ pip install altair, ó parí. Jake VanderPlas àti Brian Granger ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ (Granger yìí wà lára àwọn tó dá Jupyter sílẹ̀), orí Vega-Lite, èdè fún àpèjúwe cháàtì, tó ti University of Washington wá ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Altair fúnra rẹ̀ kì í ya nǹkan kan. Àrokò ló ń dì. Á kó dátà yín (kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù o) pọ̀ mọ́ àlàyé bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, á dì wọ́n sínú JSON (irú àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kà), á fi rán búráúsà. JavaScript, èdè tí búráúsà ń lò, tó wà lọ́hùn-ún ló máa tú àrokò náà, tó sì máa ya cháàtì. Adùn rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀, ibẹ̀ náà ni méjèèjì ti ń wá.

Odidi kóòdù tí mo fi ya gàrí nìyí (alt ni Altair, gari ni tábìlì gàrí):

alt.Chart(gari).mark_line(point=True).encode(x='ojo:T', y='owo:Q', color='oja:N', tooltip=['oja', 'ojo', 'owo']).interactive()

T dúró fún ìgbà, Q fún iye, N fún orúkọ. N kò sọ fún un bó ṣe máa to ọjọ́ tẹ̀ léra, n kò sọ àwọ̀ tó máa fún Bódìjà. Mo kàn sọ irú ohun tó wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, ó mọ ìyókù. Ẹ gbé máòsì lé ojú àmì kan, owó ọjọ́ yẹn á yọ síta. Ẹ má yọ point=True kúrò, torí láìsí i, odidi ìlà ni máòsì ń kàn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan pàtó.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni selection_point tí mo so mọ́ orúkọ ọjà pẹ̀lú bind='legend'. Tí mo bá tẹ Sáńgo lẹ́gbẹ̀ẹ́ cháàtì, ìlà Sáńgo á tàn, àwọn yòókù á ṣá. Mo lè pa Python, kí n pa notebook, fáìlì HTML tí mo fi pa mọ́ ṣì máa dáhùn, nítorí pé ohun gbogbo ti wà nínú ẹrù tí mo fi rán búráúsà. Ẹ ṣọ́ra fún àpẹẹrẹ àtijọ́ o: ẹ̀yà 5 tó jáde ní 2023 yí orúkọ àwọn selection padà, add_selection ti di add_params.

Ọdún méjì gbáko, kò sí ìjà láàárín wa. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: oúnjẹ 12 ní ọjà mẹ́rin, ìlà tábìlì 48 lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ 104, ìlà 4,992. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi 48 mìíràn kún un, mo tẹ sẹ́ẹ̀lì (àpótí kóòdù nínú notebook) tó ń lo odidi tábìlì náà, tí mo ti ń tẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ni MaxRowsError bá bò mí lójú. Mo rò pé èmi ni mo ba fáìlì jẹ́. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi wá ìlà tí mo ṣì kọ, n kò rí i. Ìlà 5,000 ni Altair fi ṣe ààlà, èmi sì ti di 5,040.

Inú bí mi, àmọ́ nígbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ àrokò, mo gbà pé wọ́n jàre. Gbogbo ìlà tábìlì ló ń wọ inú JSON, JSON náà sì ń wọ inú notebook. Ẹ ya cháàtì mẹ́wàá láti ara tábìlì kan, ẹ̀dà tábìlì yẹn mẹ́wàá ló lè wà nínú fáìlì yín. Láti mú ààlà náà kúrò, alt.data_transformers.disable_max_rows() lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, notebook mi wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú. Ní báyìí, mo máa ń fi pandas, ohun èlò Python fún tábìlì, yọ oúnjẹ tí mo fẹ́ wò sọ́tọ̀ ná. Oúnjẹ kan ṣoṣo, ìlà 420 péré ni. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ gidi lè lo vegafusion, tó ń ṣe ìṣirò lọ́dọ̀ Python kí ẹrù tó gbéra.

Mo fi save('gari.html') pa cháàtì mọ́, mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ìyá alágàrí. Ó pè mí: "Funfun báláú ni mo rí o." Dátà rẹ̀ ti tán (ti fóònù lọ́tẹ̀ yìí). Àrokò dé, ẹni tó máa tú u ni kò sí nílé, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì náà ti máa ń lọ mú JavaScript. Ẹ fi inline=True sí save, á gbé olùtúmọ̀ rẹ̀ dání. Ó wúwo sí i, àmọ́ ó ń ṣí níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nínú Jupyter, alt.renderers.enable('jupyter', offline=True) ni. Ẹ tètè fi vl-convert-python àti anywidget, àwọn ohun èlò tí ìwọ̀nyí nílò, sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà. Tí notebook yín bá lọ sórí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má retí pé cháàtì máa dáhùn. Wọn kì í jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ nínú notebook níbẹ̀.

Ọ̀kan kù tó kan àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọjà mẹ́rin mi di márùn-ún: Dùgbẹ̀ méjì, àwọ̀ méjì. Mo tẹ ọ̀kan lórí fóònù, mo tẹ èkejì lórí kọ̀ǹpútà. Lójú èèyàn, ẹ̀ ni ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà to e, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí orúkọ ọ̀tọ̀. Ẹ̀bi Altair kọ́. gari['oja'].str.normalize('NFC'), tó ń sọ gbogbo ọ̀nà yẹn di ọ̀kan, ló parí ìjà náà.

Orúkọ ìràwọ̀ ni Altair, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ẹyọ kan nítorí ọ̀sán tí mo fi wá àṣìṣe tí kò sí. Ìyá alágàrí kò tíì fún un ní tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ gbogbo orúkọ ọjà tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní èlùbọ́ dà.