Àwọn ọlọ́kọ̀ tánkà tó wá fa sókáwéè wa l'Ádó-Èkìtì

Sókáwéè ilé wa kún lóṣù tó kọjá, omi tá a bá dà sílé ìwẹ̀ kì í tètè lọ mọ́, nígbà tó yá òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ pálọ̀. Adó la wà, kò kúkú sí páìpù ìlú tó ń kó ìdọ̀tí gbogbo wa lọ síbì kan bíi ti Wupa l'Ábújá, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ìdọ̀tí kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè jẹ ẹ̀gbin inú ẹ̀ tán kí omi yẹn tó wọ odò. Tiwa, kálukú gbẹ́ tiẹ̀ sẹ́yìnkùlé, tó bá kún ká pe ọlọ́kọ̀ tánkà.

Àwọn tí mo pè lọ́dún méjì sẹ́yìn, owó wọn kéré, wọ́n sì yára, mo tiẹ̀ ń júwe wọn fún ará àdúgbò. Kò pẹ́ tí mo rí tánkà yẹn gan-an lẹ́bàá afárá kan láàárín ìlú, wọ́n na hóòsì sínú odò, nǹkan dúdú tó ki ń tú jáde, tíṣù ń léfòó lójú omi, ó sì ń ṣàn lọ síbi tí àwọn ìyá kan gbin tẹ̀tẹ̀ sí, wọ́n ń fi garawa bu omi yẹn wọ́n ẹ̀fọ́. Ara mi bù máṣọ. Tèmi náà ti gba ibẹ̀ lọ, èmi ni mo sì sanwó ẹ̀.

Torí náà lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó béèrè iye owó, ibi tí wọ́n ń dà á sí ni mo kọ́kọ́ bi àwọn ọlọ́kọ̀ tánkà mẹ́ta. Àwọn méjì ń kólòlò, ẹ̀kẹta ní "Mọ́mì, ẹ tẹ̀ lé wa tẹ́ ẹ bá fẹ́." Àwọn yẹn ni mo mú, ₦50,000.

Wọ́n pẹ́ o, aago mẹ́sàn-án la jọ sọ, ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, ìyẹn ò dáa. Àmọ́ iṣẹ́ wọn dáa gan-an. Wọ́n ṣí ìdérí sílẹ̀, wọ́n ní ká jìnnà, ẹnì kankan ò sọ̀ kalẹ̀ wọnú ẹ̀, torí gáàsì inú ẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀dọ́kùnrin tó di hóòsì mú fi igi gígùn ro ìsàlẹ̀, ó da omi sí i, ó ro ó títí ẹrẹ̀ tó ti dì fi yọ̀, ìgbà yẹn ló tó fà á. Àṣé omi orí ẹ̀ nìkan ni àwọn ti àkọ́kọ́ fà, ìyẹn ló jẹ́ kó tètè kún, nígbà tó yẹ kó lò tó ọdún 3 sí 5.

Ó tún bi mí pé kànga wa ńkọ́, ó fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti sókáwéè dé ìdí kànga, ìṣísẹ̀ 17! Ó kéré tán ó yẹ kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 30, pàápàá l'Ékìtì níbí tí àpáta ò jìnnà sílẹ̀, tí kànga wa ò sì jìn púpọ̀, ìdọ̀tí ò rí iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn tó máa sẹ́ ẹ kó tó dénú omi. Látọjọ́ yẹn a ò mu omi kànga yẹn láìsè mọ́.

Mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn lóòótọ́. Ẹ̀yìn ìlú ni, inú kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ sóko ni wọ́n dà á sí kí oòrùn gbẹ ẹ́, kò sí odò nítòsí. Ìyẹn náà ò tíì tó o, ẹyin aràn lè wà láàyè nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibi tí ìjọba bá kọ́ fún un gangan ló yẹ kó máa lọ, ó sì yẹ ká máa bi wọ́n léèrè ẹ̀. Àmọ́ mo fún àwọn ọmọ yìí ní 4 nínú 5, ìpẹ́lẹ́yìn yẹn ló gba ọ̀kan. Tó bá tún kún, àwọn náà ni màá pè, màá sì tún gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn.