Wọ́n ti port 53 pa: àgbéyẹ̀wò sáfà tí mo yá fún resolver Handshake

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé ilé-iṣẹ́ tí mo yá sáfà lọ́wọ́ wọn ti port 53, ẹnu-ọ̀nà tí ìbéèrè DNS ń gbà, pa lójijì, àtiwọlé àtijáde, láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Resolver DNS (ètò tó ń bá ènìyàn wá àdírẹ́sì IP tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì) tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ló wà lórí sáfà náà: ó ń wá orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ bíi .com, ó sì ń wá orúkọ Handshake, ètò orúkọ mìíràn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí blockchain. Bí wọ́n bá ti àtiwọlé pa, wọ́n ní àwíjàre. Ti àtijáde ni mi ò lè gbà. Resolver kì í dá èsì mọ̀ látọkàn ara rẹ̀, àwọn sáfà orúkọ káàkiri ayé ló ń lọ bi léèrè, port 53 ló sì ń gbà lọ. Ẹni tó bá ti ọ̀nà yẹn pa ti fún un lọ́rùn.

Bí àìsàn náà ṣe hàn lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Inú sáfà gan-an ni root Handshake (àkọsílẹ̀ orúkọ tó wà lókè pátápátá) wà, torí náà `dig @127.0.0.1 -p 5349` ṣì ń fún wa ní NS (sáfà orúkọ) àti DS (àmì kọ́kọ́rọ́ ìfọwọ́sí) orúkọ kọ̀ọ̀kan wẹ́rẹ́. Ìgbà tí a bá béèrè A, ìyẹn àdírẹ́sì IP orúkọ náà, ni yóò dúró pẹ́, tí yóò wá sọ SERVFAIL, pé òun kò rí èsì. Ẹni tó bá rí irú èyí, kó má tíì fọwọ́ kan unbound.conf, fáìlì ìtòlẹ́sẹẹsẹ Unbound tó jẹ́ resolver náà. Kó kọ́kọ́ ṣí `tcpdump -ni eth0 port 53`, tó ń fi ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde hàn. Bí ìbéèrè bá ń jáde tí èsì kankan kò wọlé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ resolver, ó ti di ti ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́. Èsì àkọ́kọ́ ní: “A rí i pé ẹ̀ ń wa kùsà owó blockchain lórí sáfà yín. Ó lòdì sí àdéhùn.” Wọ́n ti rí i pé sáfà ń bá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀ lórí 12038 àti 44806, wọ́n sì ti dájọ́. Àwọn port Handshake nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n hnsd, ètò tó ń bá resolver wá orúkọ Handshake, kì í wa kùsà. Orí búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 236, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ẹ̀rí orúkọ tí a fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá ti gba àwọn orí yẹn tán, CPU fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Mo fi àwòrán CPU ránṣẹ́ láti ojú pátákó ìṣàkóso tiwọn fúnra wọn. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n tún dá padà, kò yàtọ̀ ní kọ́mà kan. Mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá pa ẹjọ́ náà dé pẹ̀lú “a ti yanjú rẹ̀”. Kí ni wọ́n yanjú? Gbogbo ẹni tó ń lo resolver náà ṣì wà láìrí ìkànnì kankan ṣí.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù rárá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. RAM 1 GB tó fún hnsd àti Unbound pọ̀. Ẹ fi libunbound àti irinṣẹ́ ìkọ́lé sórí rẹ̀, ẹ ṣe `./autogen.sh && ./configure && make`, kí ẹ wá tan án báyìí: `hnsd -p 8 -n 127.0.0.1:5349 -r 127.0.0.1:5350`. Nínú Unbound, ẹ kọ stub-zone (ìlànà tó ń sọ sáfà tí yóò bi léèrè) tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ “.” tí stub-addr rẹ̀ sì jẹ́ 127.0.0.1@5349. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. `do-not-query-localhost` wà ní yes láti ilé, bí ẹ kò bá sọ ọ́ di no, Unbound kò ní bá hnsd sọ̀rọ̀ láéláé. Èkejì: Debian àti Ubuntu máa ń fi fáìlì trust anchor (kọ́kọ́rọ́ tí Unbound fi ń yẹ ìfọwọ́sí wò) ti root ICANN, root tí gbogbo ayé ń lò, sínú unbound.conf.d. Kọ́kọ́rọ́ mìíràn ni hnsd fi ń bu ọwọ́ lu root tirẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fi fáìlì yẹn sílẹ̀, gbogbo èsì ni Unbound yóò pè ní ayédèrú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi DS ti Handshake rọ́pò rẹ̀. Bí Unbound bá kọ̀ láti gbéra nítorí port 53, systemd-resolved ló jókòó síbẹ̀; DNSStubListener=no ni yóò gbé e dìde.

Nígbà tí mo tún ẹjọ́ náà ṣí, òṣìṣẹ́ mìíràn ló gbà á, ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ sì tù mí lára: “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè fi tcpdump port 53 ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fi sí ip-ratelimit, òpin ìbéèrè fún IP kọ̀ọ̀kan?” Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìyí! Ó ka tcpdump náà, ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi bò. Àjọ ààbò ayélujára kan, Shadowserver, máa ń yẹ ayélujára wò fún resolver tó ṣí sílẹ̀, a sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wọn ka ìròyìn yẹn, ó ti port náà pa fúnra rẹ̀, kò sí ènìyàn kankan tó wò ó. Ó ní òun kò bẹ̀rù Handshake, ẹ̀rù tó ń ba òun ni ìkọlù tí wọ́n ń fi àdírẹ́sì ayédèrú ṣe: ẹnì kan yóò fi IP ẹlòmíràn béèrè ohun kékeré lórí UDP, èsì ńlá yóò sì ya lu ẹni tí kò béèrè. Ní 2013, irú resolver báyìí ni wọ́n lò láti kọlu Spamhaus, àjọ tó ń gbógun ti spam. Òótọ́ ló sọ.

A jọ fẹnu kò. Ó ṣí àtijáde 53, UDP àti TCP, lójú ẹsẹ̀. Àtiwọlé UDP 53 wà ní títì fún ará ìta, 853 fún DoT (DNS tí a fi TLS dáàbò bò) àti 443 fún DoH (DNS lórí HTTPS) ṣí sílẹ̀, torí pé TCP ni méjèèjì ń gbà, kò sì ṣeé fi IP ayédèrú tàn jẹ bíi ti UDP. Ó fi àmì sí IP náà kí ẹ̀rọ wọn má baà tún tì í pa, ó sì dúró títí `kdig +tls` fi dáhùn láti ìta. Mi ò tíì rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń yá ènìyàn ní sáfà.

DoT kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níbí o. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fi ń bu ọwọ́ lu root Handshake wà ní gbangba nínú kóòdù, nítorí pé èrò wọn ni pé kọ̀ǹpútà oníkálukú ni hnsd yóò wà. Ìfọwọ́sí yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni tó bá gba èsì láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má ṣe gbé hnsd sí sáfà kan kí ẹ gbé Unbound sí òmíràn. Láàárín resolver àti aṣàmúlò, TLS nìkan ló kù. Let's Encrypt kì í sì fún orúkọ Handshake ní ìwé-ẹ̀rí, ẹ lo orúkọ lásán bíi .com fún resolver. Ẹ rántí pé aṣàmúlò tó ń jẹ́ unbound kò lè ka privkey.pem, kọ́kọ́rọ́ àṣírí ìwé-ẹ̀rí náà: ẹ jẹ́ kí deploy-hook (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwé-ẹ̀rí bá di tuntun) ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí /etc/unbound, root:unbound, 0640, kó sì tún Unbound gbé dìde. Bí ẹ bá fo èyí, gbogbo rẹ̀ yóò kú ní ọjọ́ tí ìwé-ẹ̀rí bá gbó.

Ẹ fi `deny-any: yes`, `edns-buffer-size: 1232` àti private-address fún 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16 kún un. Ẹnikẹ́ni ló lè ra orúkọ kó sì tọ́ka rẹ̀ sí rọ́tà inú ilé yín. Ẹni tó bá yí NS orúkọ rẹ̀ padà lórí blockchain, kó ní sùúrù: búlọ́ọ̀kù 36, bíi wákàtí 6, ni Handshake fi ń tún igi orúkọ ṣe. Ẹni tó ń wá .eth, orúkọ ti blockchain Ethereum, kì í ṣe hnsd ni yóò bá a wá a.

Ohun kan ṣì kù tó ń bí mi nínú. Àmì tí wọ́n fi sí IP náà kò tẹ̀lé sáfà bí ènìyàn bá yí IP padà, ẹjọ́ tuntun ni yóò tún kọ, lẹ́tà ìwakùsà yẹn ló sì tún máa ń kọ́kọ́ jáde.

Ìràwọ̀: 5 nínú 5.