Ìrìn Ìtàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀rí Ni Wọ́n Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Ẹni

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo san ₦12,000 láti bá àwọn kan rìn káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó nítorí ìtàn. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ní gbàgede Tinúbú, a gba Marina kọjá sí Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, a sì parí rẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nígbà tí oòrùn ti mú gan-an. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kankan láàárín àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọ̀kan ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ẹ̀kẹta sì jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìfẹ́ ìtàn ló so wọ́n pọ̀, iyàn jíjà gan-an sì ni ọjà tí wọ́n ń tà, nítorí pé ní ojúkò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń ṣe afinimọ̀nà á sọ ìtàn ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì wá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n bí òmíràn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti gbọ́ ọ tàbí ibi tó ti kà á. Òfin yìí ló jẹ́ kí n gbà pé owó mi kò ṣòfò, ibi tí àwọn fúnra wọn ti rú u ló sì dùn mí jù.

Ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa dúró sí. Afinimọ̀nà wa, obìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, gbé àwòrán ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò sókè, ó ní kí a wo àwòrán náà, kí a tún wo àyè tó wà lẹ́yìn òun. Ilojo Bar ló wà nínú àwòrán náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1855 ní ìlànà àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wá láti Bùràsíìlì lẹ́yìn oko ẹrú, tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó palẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ó gbé àwòrán náà dúró títí ọwọ́ fi ń ro ó. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà lẹ́yìn tí wọ́n wó o, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilé kan ti wà níbẹ̀ rí.

Ẹfúnpọ̀róyè Tinúbú, ẹni tí gbàgede náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni iyàn àkọ́kọ́ dá lé lórí. Ọkùnrin kan tó wá láti Abẹ́òkúta ní akọni tó kojú Òyìnbó ni, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lé e kúrò ní Èkó ní 1856, tí àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Obìnrin kan láti Sùúrùlérè dá a lóhùn pé ẹrú wà lára ọjà tí akọni náà tà dé ipò ọlá. Ojú ọkùnrin náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Afinimọ̀nà kò bá ẹnikẹ́ni pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà; ó ní òótọ́ ni ẹnì kìíní àti ẹnì kejì sọ, kí a gbé òótọ́ méjèèjì dání nítorí pé a ó lò wọ́n ní Marina.

A lò wọ́n lóòótọ́. Ní Marina, tí a dúró tí a kọjú sí ọ̀sà, ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú wa ni èyí tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré: ṣé Ọba Dòsùnmú ló ta Èkó fún Òyìnbó? Wọ́n kọ́kọ́ mú wa padà sí 1845, nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ mọ́ Akíntóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, lọ́wọ́ nínú ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómiró. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó tún lọ sí Àgbádárìgì, ó sì ṣèlérí fún Òyìnbó pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Òyìnbó wọ inú ọ̀sà, wọ́n yin àgbá lu ìlú, ìró àgbá náà sì ni àwọn bàbá wa fi sọ ogun yẹn ní Ogun Àgídìngbì. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akíntóyè sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852. Ó wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì gorí ìtẹ́.

Ibẹ̀ ni iyàn ti gbóná. Òṣìṣẹ́ báńkì yẹn ní Kòsọ́kọ́ ni akọni gidi, torí pé òun ni kò tẹrí ba fún Òyìnbó. Obìnrin Sùúrùlérè tún dìde, ó ní ọrọ̀ Kòsọ́kọ́ náà, ẹrú ni orísun rẹ̀, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú nìkan kọ́ ló gbé ọkọ̀ ogun wá, nítorí pé ẹni tó bá ń ṣe àkóso ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó ló ń ṣe àkóso òwò epo pupa tó ń ti òkè wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka àdéhùn ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, àti àfikún rẹ̀ ti oṣù Kejì ọdún 1862, nínú èyí tí wọ́n ti ṣèlérí ọ̀kẹ́ owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún fún Dòsùnmú. Ọmọdékùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan fa fóònù yọ: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, nítorí náà mílíọ̀nù 24 owó ẹyọ ni ọdún kan. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ ò rí i pé ó tà á!”

Afinimọ̀nà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí a bojú wo omi. Ó ní ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí ọ̀sà yẹn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti sọ fún ọba pé bí kò bá fọwọ́ sí i, ìbọn ni yóò dáhùn. Ó bèèrè pé irú ọjà wo nìyẹn, tí ẹni tó ń rà ń na ìbọn sí ẹni tó ń tà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wá gbé ọ̀rọ̀ sí ibi tí n kò gbé e sí rí. Ó ní bí Dòsùnmú bá tilẹ̀ fẹ́ tà á, ilẹ̀ ta ni ì bá tà? Ó rán wa létí Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, àwọn olóyè tó ni ilẹ̀ Èkó, tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Apápá, tí òun àti Herbert Macaulay sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 tàwọn ti ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó ìgbà náà. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́hùn-ún dájọ́ pé àdéhùn 1861 kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó ni ín. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń sọ pé Dòsùnmú ta Èkó, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ náà bá ọmọ Èkó kan jà rí lójú agbo. Bí mo bá tún rí ẹni náà, màá tọrọ àforíjì.

Ní Ìga Ìdúngànrán, ìta ni a dúró sí. Wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ náà ni ààfin tí a kọ́ sórí oko ata, oko Arómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin. Láti orí oko ni wọ́n ti bọ́ sí orúkọ Èkó fúnra rẹ̀: àwọn Àwórì ní “oko” ló di Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bìní sì ní ní èdè tàwọn, ibùdó ogun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Aṣípa, baba Ọba Adó, ń kọ́? Ọmọ Ìṣẹ́ri ni lẹ́nu àwọn kan, ọmọ ààfin Bìní ni lẹ́nu àwọn mìíràn. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ yìí sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Wọ́n bójú tó o dáadáa níbí, nítorí pé wọ́n ní kí a má ṣe da ìbéèrè méjì pọ̀, ti ẹni tó ni ilẹ̀ àti ti ẹni tó dé adé: àwọn Ìdéjọ onífìlà funfun ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́, Èkó sì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Bìní nígbà kan, tí a kò sì lè pa ìyẹn rẹ́ nítorí pé kò dùn mọ́ wa.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ní 1862, nígbà tí wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ padà sílé, àwọn èèyàn rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ bá a padà, Oṣòdì Tápà sì tẹ̀ wọ́n dó sí agboolé 21 ní àdúgbò yẹn. Tápà ni Oṣòdì lóòótọ́, àjèjì tó di ẹrú nínú ààfin Ọba Ọ̀ṣínlókùn, tó sì di balógun Kòsọ́kọ́. Afinimọ̀nà bèèrè pé bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ka ọmọ Èkó, ibo ni yóò ka Oṣòdì sí? Ìbéèrè náà lágbára, ó sì tọ́ sí ibi tí a dúró sí.

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, gbọ́ wa. Ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó gbọn ìyàngbò kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wọn, ó ń dárúkọ àwọn tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan àti ibi tí olúkúlùkù wọ́n kọ́lé sí. Òṣìṣẹ́ báńkì yẹn dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mọ̀mọ́, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?” Màmá wò ó, wọ́n ní, “Ẹnu ìyá mi ni wọ́n kọ ọ́ sí.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wo aago, ó ní kí a máa lọ nítorí àkókò. Màmá jókòó padà, wọ́n fa àtẹ sọ́dọ̀.

Òfin wọn ni mo fi bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sọ ibi tó ti gbọ́ ọ, màmá sì sọ ọ́. Oríkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn kàn ń sọ lásán: orúkọ wà nínú rẹ̀, àdúgbò wà nínú rẹ̀, a sì lè gbé ti ilé kan lé ti ilé kejì láti mọ èyí tó bára mu. Ìwé náà ní ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó sì kọ àdéhùn 1861 ni wọ́n ní ìbọn lọ́wọ́. Tíṣà gbà pẹ̀lú mi, ó ní àwọn yóò jókòó lé e lórí. Òṣìṣẹ́ báńkì kò gbà.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn kéré. Ariwo ọjà bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí a ń gba ẹ̀gbẹ́ Ìdúmọ̀tà kọjá. Wákàtí mẹ́rin ni a fi wà lórí ìdúró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì rí ilé ìtura lò, èyí tí kò dára fún àgbàlagbà. Omi ìgò méjì àti oúnjẹ wà nínú owó tí a san. Frejon ni wọ́n fún wa ní ìtòsí gbàgede Campos, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú omi àgbọn, tí àwọn Àgùdà gbé bọ̀ láti Bùràsíìlì, tí wọ́n sábà máa ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tó ta lẹ́nu. Ó dùn débi pé iyàn dákẹ́.

Mo ti sanwó ìrìn oṣù tó ń bọ̀, èyí tí yóò gba Olówógbowó níbi tí àwọn Sàró, àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, tẹ̀dó sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó dàgbà ní ìtòsí ibẹ̀ ni mo ń mú dání, mo sì ti sọ fún tíṣà pé wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kì. Ó ní àwọn yóò wá àga fún wọn.